Òkú Wà Nílé, Òrìṣà Wà Lójú Ọ̀nà

Nígbà tí Vadivu gbé kọfí wọlé fún bàbá rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, ó ti mọ̀ kí ó tó dé ìdí ibùsùn. Ilé dákẹ́ jù. Láti ìgbà tí àìsàn àyà ti dá Irulappan dùbúlẹ̀, mímí rẹ̀ dà bí ayùn tó ń gé igi gbígbẹ. Ayùn yẹn ni Vadivu fi ń sùn, òun náà ló fi ń jí. Láàárọ̀ yìí, ayùn ti dúró.

Ó gbé ife kọfí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá náà. Ó kan iwájú orí rẹ̀. Ó tutù bí òkúta ilẹ̀ tẹ́ńpìlì.

"Appa," ó wí. "Appa, ilẹ̀ ti mọ́ o."

Àgbọ̀n tí Vadivu fá irùngbọ̀n rẹ̀ lánàá ṣì ń dán. Aṣọ funfun tuntun tí wọ́n ká sórí àpótí ṣì wà bí wọ́n ṣe ká a. Lánàá náà ló ṣì ń pàṣẹ: "Lọ́la, gbé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú mi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí mi á gbọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ òrìṣà. Bí Sudalai tí mo kọ́ níṣẹ́ bá ki igi bọ abẹ́ rẹ̀ láìtó àsìkò, èmi á mọ̀. Màá bú u níbẹ̀ níbẹ̀."

Ní Karungottai, ìlú inú odi, bí ènìyàn bá kú, obìnrin ilé kì í fi òkú pa mọ́ sínú. Yóò já síta, yóò tú irun rẹ̀ sílẹ̀, yóò lu àyà, yóò sì máa fi orin sunkún títí gbogbo àdúgbò á fi pé. Vadivu náà la ẹnu. Igbe náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà náà ni fèrè gígùn tẹ́ńpìlì dún láti òkè, fèrè tí wọ́n ń fun nígbà tí wọ́n bá ń wẹ òrìṣà ní ọjọ́ ńlá. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọjọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Ọjọ́ tí Baba Inú Odi, òrìṣà ìlú náà, yóò gun kẹ̀kẹ́ gíga rẹ̀ tí gbogbo ìlú yóò fi okùn fà á yí tẹ́ńpìlì po. Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì rìn láti ìgbà tí ọ̀pá ìdí rẹ̀ ti ṣẹ́, nígbà tí Vadivu ṣì ń gun èjìká bàbá rẹ̀ wòran. Ikán jẹ ẹ́. Ìdílé bá ìdílé jà lórí ta ni yóò kọ́kọ́ di okùn mú. Ìjọba fi àgádágodo sí abà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jà náà ti kú kí ìjà náà tó parí. Ọdún yìí ni wọ́n wá gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èèwọ̀ kan wà tí kò sí ọmọ inú odi tí kò mọ̀ ọ́n: bí òkú bá wà ní òpópónà òrìṣà, òrìṣà kì í jẹun, iná ìdáná kì í jó nílé ẹnikẹ́ni, kẹ̀kẹ́ kò sì gbọdọ̀ yí, àfi bí wọ́n bá gbé òkú náà jáde. Ilé Irulappan sì rèé, ní àárín gbùngbùn òpópónà.

Vadivu jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Ó ti pé ogójì ọdún ó lé, ó sì ti lo ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní wíwo ilẹ̀kùn. Ìwé kékeré ló kà, ìwọ̀nba tó fi lè ka orúkọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ kú láìfi ọmọ sílẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, kò sì tún sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́ ju bàbá náà lọ. Láti òní lọ, kò sí.

Kì í ṣe èèwọ̀ nìkan ló bà á lẹ́rù. Ìtàn ilé wọn ni.

Òkúta dúdú inú odò ni wọ́n fi mọ odi yẹn, láyé ọba kan tí òjò ti fọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó kọ́ tẹ́ńpìlì kọ́kọ́, ó wá mọ odi yí i ká, bí ẹni fi apá méjèèjì gbá ọmọ mọ́ra. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ṣí. Ti ìlà-oòrùn fẹ̀, iwájú rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ti ìwọ̀-oòrùn kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́rin lè gbé òkú gbà lọ, Ẹnu Ọ̀nà Òkú ni wọ́n ń pè é, obìnrin kì í sì gba ibẹ̀. Nígbà tí ogun àwọn ẹlẹ́ṣin láti àríwá dó ti odi, wọ́n dó tì í títí, wọn kò rí i wọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kẹ̀kẹ́ ló bọ́ sí àárín ìdótì náà, ìlú sì ní àwọn yóò fa òrìṣà àwọn, ọ̀tá ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Ìdílé Irulappan ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Kẹ̀kẹ́ tó ga ju ilé lọ kò ní ìjánu. Igi àjàgbọn tí wọ́n gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú tó sì nípọn lẹ́yìn ni wọ́n fi ń dá a dúró, òun náà ni wọ́n fi ń yí i kọrí sí ọ̀nà: akọni ọkùnrin yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, yóò sì ki igi náà bọ abẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń yí, yóò sì yọ ọwọ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó gé e ní ìka. Ní ọdún ogun yẹn, wọ́n ní ìyàwó adákẹ̀kẹ́dúró fi òkú ìyá ọkọ rẹ̀ pa mọ́, kí ayẹyẹ má bàa bàjẹ́. Láti inú ilé òkú ni ọkọ rẹ̀ ti gbé igi jáde. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlà-oòrùn, igi yọ̀. Kẹ̀kẹ́ sáré, ó pa àwọn tó wà nídìí okùn, ó sì fi orí fọ́ ilẹ̀kùn odi. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin gbà wọlé.

Bí ìlú ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. "Ilé tó ṣílẹ̀kùn fún ogun," bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nìyẹn bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi.

"Irọ́ ni," Irulappan máa ń wí. "Balógun odi ló ta kọ́kọ́rọ́. Wọn ò rí balógun bú, wọ́n wá obìnrin bú."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, Kasim Rowther tó ń ta tíì, a máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn ni, ìdílé wọn ò kúrò nínú odi láti ìgbà náà. "Irulappa, àwọn bàbá ńlá mi ò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹṣin wọn ló fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Ẹṣin olóríkunkun ni. Ta ayò rẹ jàre."

Vadivu rántí gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Bí ó bá ké, yóò dá kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ìlú ti ń retí dúró, wọn yóò ní ilé yẹn náà ni. Bí kò bá ké, tí nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀mí ènìyàn yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń ronú bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnì kan fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn gbà gbà gbà.

"Akka! Akka Vadivu! Ṣé oorun ló gbé yín lọ ni?"

Pechi ni, obìnrin òdìkejì òpópónà, tó máa ń pe Vadivu ní Akka, ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Vadivu ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ara dí àlàfo náà.

"Ẹ wo ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn," Pechi wí. "Ọnà ìyẹ̀fun ìrẹsì títí dé ìdí odi. Òdòdó, ìràwọ̀, ẹyẹ. Ẹ wá wo tiyín. Ó mọ́ kedere bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí! Òrìṣà á kọjá, á ní ta ló kú níbí?"

Ilé tí ẹni kan bá kú nínú rẹ̀ nìkan ni kì í fi ìyẹ̀fun ya ọnà sẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀.

"Mo ń bọ̀, Pechi. Mo... omi ni mo ń pọn."

"Appa ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Kí ó sùn dáadáa. Ẹni tí àlùfáà wa Gurukkal fẹ́ wé aṣọ sílíkì lé lórí lónìí! Ẹ fọ orí yẹn o, Akka, kí òróró ikọ́ má lọ máa ta sí àlùfáà nímú." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì na ọrùn láti wo inú ilé. Vadivu kò yẹ̀. "Ojú yín pọ́n."

"Èéfín ni."

"Ó dáa, ẹ ṣe kíá."

Ó lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó kọjú sí ibí. Kí ni Vadivu yóò ṣe? Ó gbé igbá ìyẹ̀fun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ń ya ọnà láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà láìsí ojú, ṣùgbọ́n lónìí ìyẹ̀fun ń já láàárín ìka rẹ̀, ìlà ń gbọ̀n bí ìlà ọmọ iléèwé. Ó ya òdòdó kan. Ó tún ya òmíràn. Gbogbo bí ó ti ń yà á, ó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń kọ sílẹ̀, níwájú òrìṣà, nígbà tí bàbá òun wà lẹ́yìn ògiri tí kò ní aṣọ òkú lára.

"Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lẹ yà yẹn àbí òdòdó?" Pechi kígbe láti òdìkejì.

Vadivu gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ kò gbà.

Kò pẹ́ tó wọlé tán ni Sudalai dé. Òun ni olórí àwọn adákẹ̀kẹ́dúró báyìí, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Irulappan ló ti kọ́ṣẹ́. Okùn tí wọ́n kùn ní ata-ilẹ̀ pupa wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú ló so ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta àsíá ọdún: ẹni tó bá so ó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú, kò gbọdọ̀ wọ ilé òkú, àfi bí ọdún bá parí tí wọ́n tú u. Opó ni Vadivu, wọn kì í so ó mọ́ ọwọ́ opó.

"Àbúrò mi," Sudalai wí, "mo wá gba ìbùkún ọ̀gá mi. Mi ò lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn."

Bí ó bá wọlé, ó ti wọ ilé òkú. Vadivu na ọwọ́ méjèèjì sí òpó ilẹ̀kùn.

"Anna, ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ikọ́ ò jẹ́ kí ó sùn mọ́jú."

"Háà." Sudalai yí okùn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Vadivu. Máa rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì ki igi sábẹ́ kẹ̀kẹ́ tó tóbi báyìí láìsí wọn lẹ́yìn mi kí wọ́n máa bú mi. Ó dáa, jẹ́ kí n gbé igi wọn nígbà náà. Igi àtijọ́ yẹn. Òun ni màá lò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Vadivu yí padà. Igi náà wà ní igun yàrá, lẹ́bàá orí ibùsùn, ó ti dúdú, ó ń dán nítorí òógùn ọwọ́ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti di eérú. Ó gbé e. Ó wúwo bí ọmọ. Kí ó tó ronú, ó ti gbé e lé Sudalai lọ́wọ́. Sudalai fi kan iwájú orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan àtẹ̀bọlé dípò ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó sì lọ.

Ìgbà tó lọ tán ni Vadivu tó rántí. Láti inú ilé òkú ni igi ti jáde. Ọwọ́ obìnrin ilé náà ló gbé e fúnni. Ohun gan-an tí wọ́n ní obìnrin ìjọ́sí ṣe, òun náà ló ti ṣe yẹn, láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí ẹ̀rù.

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà láti pè é padà. Òpópónà ti kún. Kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Ó padà sídìí bàbá rẹ̀, ó sì bu omi sí aṣọ, ó nu ojú rẹ̀. "Appa, kí ni n óò ṣe? Ẹ wí nǹkan kan." Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí wọ́n má bàa gbọ́. Ohun tó dùn ún jù nìyí: ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ẹni tó yẹ kí ó máa ké orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́.

Òjìji kan bo fèrèsé. "Irulappa! Lánàá o sá nídìí ayò ẹkùn àti ewúrẹ́. Ẹkùn mi ṣì ń fi eyín họ ewúrẹ́ rẹ. Jáde wá gbà á lẹ́nu rẹ̀!"

Kasim ni, pẹ̀lú kẹ́tùlù tíì lọ́wọ́.

"Ó ń sùn, Bàbá Kasim."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó ti jókòó ti mímí yẹn lójoojúmọ́ nídìí ibùsùn, tó ń bá a sún ọmọ ayò, ó mọ bí ó ṣe ń dún. Ó wo ọnà ìyẹ̀fun tó wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú Vadivu.

"Ó dáa," ó wí níkẹyìn, jẹ́jẹ́. "Mo wà nítòsí. Ìdí tíì mi ni mo wà, ọmọ mi. Nítòsí ni."

Ó lọ. Vadivu mọ̀ pé ó mọ̀. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé kò ní sọ. Ìyẹn kò mú ẹrù náà fúyẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ti ké, ì bá ti bọ́ lọ́rùn òun.

Oòrùn gun òkè. Ariwo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tẹ́ńpìlì: fèrè, ìlù, lẹ́yìn náà ohùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí wọ́n ń ké pọ̀ kí wọ́n tó fa okùn. Ilẹ̀ mì. Ife kọfí tí kò sẹ́ni tó mu ún gbọ̀n lórí àpótí. Kẹ̀kẹ́ ti ń rìn.

Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ojú kan sí ihò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí orí kẹ̀kẹ́, aṣọ pupa àti funfun, ó ń fì lókè òrùlé bí ọ̀mùtí ńlá. Ó rí okùn, ó nípọn bí itan. Ó rí àwọn ọmọkùnrin tí inú wọn dùn dé bi pé wọ́n ń sunkún. Ó gbọ́ igi: kọ́! Kẹ̀kẹ́ kérora, ó yí díẹ̀. Kọ́! Sudalai ń ṣe dáadáa. Appa ì bá ti gbọ́ ọ. Ì bá ti bú u síbẹ̀.

Bí ìṣe wọn, kẹ̀kẹ́ máa dúró níwájú ilé yìí. Gurukkal, àgbà àlùfáà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì wé aṣọ sílíkì tó ti ara òrìṣà wá mọ́ orí àgbà ilé. Lẹ́yìn ilé yìí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Vadivu rí àwọn tó wà nídìí okùn níwájú. Ọmọ Pechi wà níbẹ̀, ó fi aṣọ wé orí. Ó rí igi dúdú náà lábẹ́ apá Sudalai, tí ó fi pa mọ́ de gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kẹ̀kẹ́ dúró. Ariwo lọ sílẹ̀. Gurukkal sọ̀ kalẹ̀, arúgbó ni, wọ́n dì í mú, aṣọ sílíkì wà nínú àwo. Ó ń bọ̀.

"Irulappan!" ó pè, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Jáde, ìwọ ọlẹ! Òrìṣà ló wá sílé rẹ, ìwọ ni o kò wá sí tirẹ̀!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Vadivu ṣí ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà, ó rọrùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Kò wá. Gbogbo ojú ìlú wà lára rẹ̀, ojú òrìṣà náà sì wà lókè, ojú fàdákà, tó là kalẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. Ó wo ọnà ìyẹ̀fun tí òun yà. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa á rẹ́. Ó pa òdòdó kan rẹ́. Ó pa ìkejì. Ó ń pa á rẹ́ lọ láti òsì sí ọ̀tún, láìyára, títí ẹnu ọ̀nà fi mọ́.

Kò sí ẹni tí kò yé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ láti iwájú sẹ́yìn bí aṣọ tí wọ́n fà bo nǹkan. Gurukkal fà sẹ́yìn, kí òjìji ilé má bàa kàn án.

"Ìgbà wo?" ó bi í.

"Kí ilẹ̀ tó mọ́," Vadivu wí. Ọ̀rọ̀ ti wá, nígbà tí kò wúlò tó mọ́. "Anna Sudalai, igi yẹn. Ẹ má lò ó. Inú ilé ló ti wá."

Sudalai yọ igi náà lábẹ́ apá. Ó wò ó. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ejò kalẹ̀.

Nígbà náà ni ariwo bẹ́.

"Ó parọ́ fún mi! Lójú mi báyìí!" Pechi ni. "Ó ní ó ń sùn! Ọmọ mi wà nídìí okùn yẹn, Vadivu! Ọmọ mi!" Kò pè é ní Akka mọ́.

"Ilé yẹn náà ni!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ilé tó ṣílẹ̀kùn fún ogun!"

"Wọ́n tún fẹ́ ṣí i!"

"Ẹ dákẹ́," Gurukkal wí. "Obìnrin ti òní yìí sọ ọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ pé ó sọ ọ́. Ẹ fa aṣọ bo òrìṣà lójú. Ẹ gbé òkú jáde ní kíá, ẹ bu omi ata-ilẹ̀ sílẹ̀, a ó sì máa lọ."

"Ta ni yóò gbé e?"

Sudalai ló bi í, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi. Ó na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí okùn wà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà wo ọrùn ọwọ́ tiwọn. Gbogbo ọkùnrin tó wà ní òpópónà yẹn, àwọn tó jẹ oúnjẹ Irulappan, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, okùn pupa wà lọ́rùn ọwọ́ gbogbo wọn. Ìlú kún fọ́fọ́, kò sí èjìká kan.

Vadivu dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò tíì mọ̀ pé ènìyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ láàárín èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ yàgò. Ẹ yà fún mi o, tíì gbígbóná!" Kasim Rowther ni, kò sì gbé tíì kankan lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé e: àbúrò rẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́, àti ọkùnrin àlejò kan tó wá ta fèrè oníke fún àwọn ọmọdé, tó ṣì so àwọn fèrè náà mọ́ ìgbànú. "Mùsùlùmí àti àlejò ni wá, ọrùn ọwọ́ tiwa mọ́," Kasim wí. "Gurukkal, ẹ dárí jì wá. Àwọn bàbá ńlá wa ló gbé ikú wọlé fún yín, ẹ jẹ́ kí àwa bá yín gbé òkú jáde."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dí wọn lọ́nà.

Ọparun àti imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi ṣe àkéte òkú náà, wéréwéré, pẹ̀lú okùn tí ó ṣẹ́kù lára okùn kẹ̀kẹ́. Aṣọ funfun tuntun náà ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Kò sí ìlù, nítorí gbogbo onílù so okùn. Obìnrin kankan kò jókòó yí i ká kí wọ́n gbá ara wọn mọ́ra kí wọ́n sì ké. Kasim wo Vadivu lójú bí wọ́n ti gbé e lé èjìká, ó dà bí ẹni fẹ́ bèèrè nǹkan, ó sì yí padà lọ.

Wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn wọn, wọ́n ti ń bu omi sílẹ̀, wọ́n ń gbá a. Àwọn ènìyàn ti ń padà sídìí okùn.

Ibi tí obìnrin ń dúró sí ni àtẹ̀bọlé. Ibẹ̀ ni ìyá Vadivu dúró sí nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn tirẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni òun náà dúró sí nígbà tí wọ́n ń gbé ọkọ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn àwọn mẹ́rin náà, ó wo fèrè oníke tó ń jó ní ìbàdí àlejò náà. Kò sí ọmọ, kò sí ìbátan, kò sí ẹnì kan tó mọ orúkọ ìyá òkú náà láàárín wọn, bóyá Kasim. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Gbogbo ìlú ti kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n dojú kọ òrìṣà.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ̀ lé wọn, ó jìnnà sí wọn díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n lè lé padà. Kò sí ẹni tó lé e. Ó tẹrí ba ní Ẹnu Ọ̀nà Òkú. Òkúta ibẹ̀ tutù, ọ̀nà náà há, èjìká àwọn tó ń gbé òkú ti mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán. Ó kọjá.

Ní etí odò, ọkùnrin tó ń sun òkú gbé iná wá, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọmọkùnrin rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun nìyí," Kasim wí, ó sì tọ́ka sí Vadivu.

Ọkùnrin náà ṣí ẹnu, ó wo èrò tí kò sí, ó sì gbé iná náà lé e lọ́wọ́.

Bí ó ti fi iná sí i ni ariwo ńlá sọ lẹ́yìn odi. Kẹ̀kẹ́ ti wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Vadivu dúró gbagidi. Láti ibẹ̀, kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni àbí ikú, nítorí ohùn kan náà ni ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní fún méjèèjì. Ó tẹ́tí. Èéfín bàbá rẹ̀ ń lọ sókè lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ọ, ó jìnnà, ó sì kéré: kọ́! Ó tún dún: kọ́! Igi mìíràn ni, igi tuntun. Ó di kẹ̀kẹ́ mú. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ó bọ́ sí àsìkò," Vadivu wí fún iná náà. "Appa, ó bọ́ sí àsìkò gan-an."

Nígbà náà ló wá ké. Ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀, ó ké e ní orin bí ó ti yẹ, orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà wo odò. Wọn kò mọ ègbè rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà sí òpópónà. Òdòdó tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì jìn ní ilẹ̀ níwájú ilé. Igi àjàgbọn dúdú náà wà lórí àtẹ̀bọlé. Ẹnì kan ti gbé e padà, ó fi ewé dì í mú kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kàn án, ewé náà ṣì wà lára rẹ̀. Vadivu gbé e wọlé, ó gbé e sí ipò rẹ̀. Ó da kọfí òwúrọ̀ nù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kí àwọn tó fẹ́ báni kẹ́dùn lè wọlé.

Kò sí ẹni tó lè wọlé, títí ọdún yóò fi parí tí wọn yóò fi tú okùn.

Ní òdìkejì, Pechi jáde. Ó dúró ní etí òpópónà tirẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dúró pẹ́. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

"Akka," ó pè. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Vadivu wò ó. Òpópónà náà kò fẹ̀. Bí ènìyàn bá na ọwọ́, tí èkejì náà na tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kan ara wọn.

"Mo ti jẹun," ó wí.

Pechi mi orí. Ó mọ̀ pé kò sí iná nílé náà. Ó jókòó sí àtẹ̀bọlé tirẹ̀, Vadivu jókòó sí tirẹ̀, títí tí wọn kò fi lè rí ojú ara wọn mọ́.